Bẹ́ǹṣì Tí Mo Kọ̀ Láti Jókòó Lé

Bí inú bá ń run yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ sí ọsibítù. Tí ẹ bá dé, ẹ óò kà á tán. N kò ní bínú. Ẹ̀yin tó kù, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé apẹ́ńdíìsì ni, tàbí tí ọmọ yín ń di ikùn mú tí ẹ sì ń sọ pé aràn lásán ni, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù kan nílùú Enugu. Ẹ má rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ló yọ mí o. Òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Fúnmi ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀ffà ni ọkọ mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá síbí, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní GRA. Àdúgbò Amechi la ń gbé, níbi tí ilé tuntun ti pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ọmọ méjì la bí, Tólú ọmọ ọdún mọ́kànlá àti Dámi ọmọ ọdún méje. Kí ẹ tó bi mí, rárá, wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Píjìn ni wọ́n fi ń jà, òyìnbó ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Píjìn náà la fi ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, mo kàn ń yí i sí Yorùbá fún yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka wa, bẹ́ǹṣì onígi gígùn kan wà, tábìlì kan wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, á gba nọ́ńbà, á jókòó. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì á wọn ìgbóná ara rẹ̀, á wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti bó ṣe ń mí, á fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, á wá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Ìwé yẹn ló ń sọ ẹni tí dókítà máa kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo jù. Ẹni tó ń pariwo ṣì lágbára nínú. Ẹni tó bá dákẹ́ ni a máa ń sáré sí. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun bẹ́ẹ̀, ohùn mi a sì máa ròkè lálá.

Àmọ́ àwa òṣìṣẹ́ kì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àṣà wa ni. Bí ara ẹnì kan nínú wa ò bá yá, yàrá kékeré tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ló máa wọ̀. Ẹnì kan á gún un lábẹ́rẹ́, ẹlòmíràn á fa dírípù sí i lára, ó parí. Ìyàwó pásítọ̀, lánlọ́ọ̀dù, gbogbo ẹni tó bá ti mọ̀ wá, ọ̀nà ẹ̀yìn la ń mú wọn gbà. A rò pé a ń ṣe wọ́n lóore ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gbà bẹ́ẹ̀. Sístà Chidinma ni, nọ́ọ̀sì bíi tiwa. Ìyá yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù, aṣọ́bodè, la máa ń pè é lẹ́yìn. Ní oṣù tó ṣáájú àìsàn mi, ó dá ìyàwó pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa padà níṣojú mi, ó ní kó lọ gba nọ́ńbà kó sì jókòó bí àwọn yòókù. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa wò. Mo kọ lẹ́tà sí mátírọ̀ọ̀nù, mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò láàánú lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àìsàn mi bẹ̀rẹ̀. Tánkà omi ò wá sí àdúgbò wa lọ́sẹ̀ náà, ni mo bá fọwọ́ ara mi gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà láti ilé tí wọ́n ti ń tà á. Nígbà tí mo máa fi dé ibi iṣẹ́, inú ń ta mí ní àyíká ìdodo. Mo ní kẹ́ẹ̀gì omi ni. Oúnjẹ ò wù mí jẹ. Mo ní ibà ni. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ̀wà àná ni. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan? Ká ní aláìsàn kan ló sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún mi nídìí tábìlì, mi ò ní jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí n tó pe dókítà.

Ní ọjọ́rú, ìrora náà kúrò ní ìdodo, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. N kò lè nàró. Bí mo bá húkọ́, á dà bíi pé ẹnì kan ń fi ọ̀bẹ yí inú mi. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi relé, gbogbo ihò tó já sí ni mo fi ń pe Jésù. Ó dé etí awakọ̀, ó ń fi Igbo kí mi pẹ̀lẹ́, "Ndo, Madam, ndo," bẹ́ẹ̀ ló sì ń já sínú ihò míì. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, mo ti gún ara mi ní abẹ́rẹ́ apàrora tí a máa ń gún fún ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo sì fọkàn balẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lákòókò náà, wọ́n wá kí àwọn ọmọ láti Ọ̀ffà. Bí wọ́n ṣe rí i tí mo tẹ̀ wọlé, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe mí.

"Fúnmi, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá ọ jà. Ṣúgà yín nínú ilé yìí ti pọ̀ jù."

"Ìyá, ẹ má bínú, mo ti lo oògùn."

"Oògùn wo? Èyí tí ẹ fi ń tan ara yín jẹ? Gbà, mu èyí, kí inú rẹ lè ṣí."

Àgbo ni, ó dúdú, ó sì ń rùn kọjá bẹ́ẹ̀. Mo wo ọkọ mi pé kó gbà mí. Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lójú mi. "Láti àárọ̀ ni Màmá ti ń sè é," ó ní. "Mu díẹ̀, kí inú wọn má bàa bàjẹ́."

Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣí inú kò gbọdọ̀ wọ irú ikùn bẹ́ẹ̀. Mo ti pariwo mọ́ àwọn ìyá lórí rẹ̀ nídìí tábìlì wa, mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ pa ọmọ wọn ni. Síbẹ̀ mo mu kọ́ọ̀pù kan, mo mu ún tán, torí mo fẹ́ kí ilé tòrò. Inú mi ṣí lóòótọ́. Mo ya ìgbẹ́ títí omi fi tán lára mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tún lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má bú mi tán. Àwa mẹ́rin ló yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀, àwa méjì ló kù, èmi àti Amaka. Àwọn tó kù ti jápa. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, níbi tí mo ti ń di ọgbẹ́ fún bàbá kan, ìrora náà dáwọ́ dúró. Ó dáwọ́ dúró pátápátá, bí ìgbà tí ẹ bá pa iná. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Olúwa, ẹ ṣé." Bàbá náà ní kí ni mò ń dúpẹ́ lé lórí, mo ní ara mi ti yá.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń ka èyí. Bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá kàn ṣàdédé lọ, ẹ má dúpẹ́. Ẹ sáré. Ohun tó wú nínú ti bẹ́, ìdọ̀tí ti ń ṣàn sínú ikùn. Mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí òtútù fi mú mi. Mo ń làágùn, eyín mi sì ń gbá ara wọn. Amaka ní, "Sístà Fúnmi, ojú yín ò dáa. Ẹ lọ sùn sínú yàrá, ẹ jẹ́ kí n fa dírípù sí yín lára." Ó sáré ṣe é, ó sì sáré padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ó fi ẹ̀rọ ìfúnpá sílẹ̀ fún mi pé kí n wo ara mi, kí n kọ ọ́ sórí bébà. Mo wo ara mi. Ìfúnpá mi ti wálẹ̀, ọkàn mi sì ń sáré bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé. Mo tún un wò. Ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Mo mú bírò, mo kọ iye tó dára síbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Mo mọ ohun tí iye yẹn ń wí, mo mọ iye ènìyàn tí mo ti bá tì dé ẹnu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, tí a kò tún rí mọ́. Mo rò pé bí n kò bá kọ ọ́, kò ní jẹ́ òótọ́. Amaka yọjú, ó wo bébà, ó ní, "Háà, kò burú," ó sì lọ. Kí ni kó tún ṣe? Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Mo wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Mò ń gbọ́ àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ráhùn pé ìlà ò lọ. Wọ́n ń pe nọ́ńbà mẹ́fà, wọ́n ń pe nọ́ńbà méje. Ẹsẹ̀ mi tutù títí dé orúnkún. Mo rántí pé n kò tíì ran aṣọ ilé ìwé Dámi tó ya. Mo fẹ́ pe Amaka. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo tún gbìyànjú. Yéè! Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé èmi ni mo di ẹni tó dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa sáré sí mi, torí orúkọ mi ò sí nínú ìwé. Mo sunkún, omijé ò jáde. Mo ní, "Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí n kú sínú yàrá aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ara mi."

Nígbà tí àwọn ọlọ́sàn-án dé láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláàárọ̀, Sístà Chidinma ló ṣáájú wọn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìwé wé ojú aláìsàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá aṣọ.

"Ta ni wọ́n fa dírípù sí lára níbí? Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé."

"Sístà Fúnmi ni," Amaka dáhùn. "Ibà ni. Ó ń sinmi."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Amaka nawọ́ sí bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mo ní, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn."

Kò wo bébà náà rárá. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi. "Chineke!" ó kígbe. Ó fà mí dìde sínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó tì mí jáde sí gbangba, sí ìdí tábìlì, níwájú bẹ́ǹṣì tí mo ti ń fò dá láti ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ariwo. "Na their person! Àwa ti wà níbí láti àárọ̀!" Ó yí kẹ̀kẹ́ náà sí wọn, ó ní, "Ẹ wò ó." Wọ́n wo ojú mi. Àwọn tó wà níwájú fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ náà lè ráyè. Ó wá wọ̀n mí bó ṣe ń wọn gbogbo ènìyàn, ó kọ orúkọ mi sínú ìwé, ó sì kọ iye tó rí gan-an.

Ikùn mi ti le bíi pákó. Dókítà ò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pe ọkọ mi, ó dé pẹ̀lú Ìyá. Wọ́n fún un ní bébà pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ó di bírò mú lọ́wọ́ kan, ó di fóònù mú lọ́wọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń pariwo nínú fóònù pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà, pé wọn kì í fi ọ̀bẹ kan irú rẹ̀. Ìyá káwọ́ lérí. "Ẹ jẹ́ ká rò ó ná, ẹ jẹ́ ká rò ó ná." Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí mi wà lẹ́nu bírò yẹn.

Sístà Chidinma dúró tì í. "Ọ̀gá," ó ní, "ìyàwó yín ò ní àkókò tí ẹ máa fi ṣe ìpàdé."

Ọkọ mi pa fóònù. Ó fọwọ́ sí i. Ó tẹ bírò náà débi pé ó ya bébà.

N kò ní purọ́ fún yín pé mo jí, mo sì dìde. Ọyún tí wọ́n kó nínú mi kún abọ́. Wọn ò lè rán ikùn mi pa, wọ́n fi í sílẹ̀ gbayawu. Ní ọjọ́ karùn-ún ọyún tún gbá jọ, wọ́n tún gbé mi padà sí tíátà. Rọ́bà wọ imú mi, rọ́bà wọ ẹ̀gbẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ ojú ọgbẹ́ náà, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú mi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, èmi tí mo bí ọmọ méjì. Mo ń rántí lánlọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú, tí mo gún lábẹ́rẹ́ lórí àga nínú pálọ̀ rẹ̀ nígbà tó ní àyà ń dun òun. N kò wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí abúlé, n kò sì tíì ní ìgboyà láti béèrè bó ṣe wà.

Tólú wá wò mí. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo àwọn rọ́bà, kò súnmọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mummy, abeg, no die." Èmi tí mo máa ń bá a wí pé kó sọ Yorùbá, n kò bá a wí lọ́jọ́ náà. Mo mi orí fún un pé n kò ní kú.

Ìyá ò padà sí Ọ̀ffà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n dáwọ́ dúró. "Fúnmi, àbí èmi ni mo fẹ́ pa ọ́?" Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mo mu ún."

Sístà Chidinma náà ń wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà imú mi, ó jókòó, ó ní, "Mátírọ̀ọ̀nù fi lẹ́tà rẹ hàn mí."

Ojú tì mí. Mo ní, "Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn rẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó ti ka lẹ́tà náà ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá aṣọ. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n má sunkún, kí ojú ọgbẹ́ mi má bàa ya.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àpá kan là mí láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀, n kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́, inú mi sì máa ń dí nígbà míì tí mo bá jẹun yó. Bó bá ti kùn báyìí, àyà mi á já. Mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ̀yin náà pé ẹ nílò iṣẹ́ abẹ, mo mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí, n kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ̀ yín wò. Ẹ má yẹ ara yín wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín mú yín gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo wà nídìí tábìlì láàárọ̀. Sístà Chidinma wọlé, kì í ṣe àkókò iṣẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Eyín ń dùn ún. Ó gba nọ́ńbà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó gba ẹ̀mí mi là ni. Ara ń yún mi pé kí n dìde, kí n fà á lọ́wọ́ wọlé. Mo wò ó, ó wò mí. Mo pe nọ́ńbà tó kàn. N kò pe tirẹ̀ títí ó fi kàn án.

Nígbà tó jókòó níwájú mi, ó na apá rẹ̀. "O ṣé," ó ní.

Mo wo ìfúnpá rẹ̀. Ó ga débi pé mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo tún un wò. Ó ṣì ga bẹ́ẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òun náà kò mọ̀ pé ó ti ga tó bẹ́ẹ̀, pé fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ń bà á.

"Fúnmi," ó ní jẹ́jẹ́, "kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.